Ife Ọ́ìlì Kan Láràárọ̀

Mi ò ní purọ́, mọ́tò ni mo kọ́kọ́ rí, mi ò rí ọkùnrin tó wà á. Mọ́tò asáré ni, pupa fòò, èéfín aláwọ̀ aró ń rú tùù nídìí ẹ̀. Nígbà tó fi máa wọ ṣọ́ọ̀bù mi, a ò rí ara wa mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mẹkáníìkì ńkọ́?"

"Ẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó lanu sílẹ̀. Inú fẹ́ bí mi. Ó wá ní, "Ẹ má bínú, mo rò pé ọ̀gá máa ń ní irùngbọ̀n ni." Ẹ̀rín pa mí.

Àìsàn méjì ló ń ṣe mọ́tò náà. Ó ń jó ọ́ìlì, tó bá sì ti ki í sí gíá, ó máa dún gbì lábẹ́. Ti abẹ́ ò le: rọ́bà tó so irin gbọọrọ tó ń yí táyà ẹ̀yìn mọ́ gíá ló ti ya. Mo ní kó lọ ra tuntun wá. Ó ní kò sí lọ́jà, wọ́n máa fi ránṣẹ́.

Ti ọ́ìlì ni mi ò rídìí ẹ̀. Mo tú ẹ́ńjìnnì, mo pààrọ̀ àwọn ríìngì inú ẹ̀, mo rọ ọ́ìlì tuntun sí i, ó gún régé lójú àmì. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún dé tòun ti èéfín. Oṣù mẹ́ta la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Kí n tó mọ̀, ó ti ń pè mí ní olólùfẹ́, èmi náà ń pè é ní adé orí mi. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni.

Ìyá ẹ̀ ò fẹ́ràn mi ní tiẹ̀. Ọkọ ẹ̀ tó kú ló ni mọ́tò. "Ọmọbìnrin yẹn ló ń bà á jẹ́ kó lè máa rí ẹ," ló sọ fún ọmọ ẹ̀. "Mi ò lè fi oníjìbìtì ṣe ìyàwó ilé."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mo fa ọ́ìlì jáde pátá, mo wọn òmíì sí i, mo ní kí adé orí mi má fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kẹfà, ó gbé e wá, mo yọ géèjì, irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, wò. Háà! Ọ́ìlì ti fi ìka mẹ́ta kọjá àmì. Mo nù ún, mo tún un wò, bákan náà ni. Orí mi wú. Àpọ̀jù ló ń jó! Èmi ọ̀gá, mi ò wo géèjì rí kí n tó máa tú ẹ́ńjìnnì. Mọ́tò tó ń mu ọ́ìlì, ta ló ń wá àpọ̀jù nínú ẹ̀?

"Ìwọ lò ń rọ ọ́ kó o lè máa wá!" Mo pariwo mọ́ ọn. Ó búra títí, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gba ilé wọn lọ. Ìyá ẹ̀ ni mo bá nídìí mọ́tò, bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí, ife ọ́ìlì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Mọ́mì! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

Ife fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. "Ọkọ mi ló ní kí n má jẹ́ kí ọ́ìlì gbẹ nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ife kan ni mò ń fún un láràárọ̀."

Láràárọ̀ kẹ̀! Mo fi géèjì hàn án, mo ṣàlàyé pé àpọ̀jù ọ́ìlì ló ń di èéfín. "Èmi ni mò ń pa mọ́tò ọkọ mi?" Ó bú sẹ́kún, mo dì mọ́ ọn.

A jọ wọ yàrá ẹrù lọ kó àwọn kèègì ọ́ìlì tó kù. Nǹkan kan bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn wọn: rọ́bà abẹ́ mọ́tò, tuntun, tòun ti rìsíìtì. Ọjọ́ kejì tá a pàdé ni adé orí mi ti rà á!

Ọmọ ẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà, búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu ẹ̀.

"Kí nìyí?" ìyá ẹ̀ bi í.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí ara mọ́tò bá yá, kí ni mo máa sọ pé mo wá ṣe ní ṣọ́ọ̀bù?"

Màmá wò mí, ó wo ọmọ ẹ̀. "Yéè! Oníjìbìtì wà nílé yìí lóòótọ́ o, èmi ni mo bí i!"

Ó he rọ́bà náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ìyàwó mi, bá wa dè é."

Mo wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ló ń bá sọ̀rọ̀.

Mọ́tò yẹn ló gbé wa lọ síbi ìgbéyàwó, kò dún gbì. Màmá ṣì ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láràárọ̀, àmọ́ kò mú ife dání mọ́. Ó máa yọ géèjì, ó máa nù ún, ó máa pè mí látìta: "Ìyàwó mi, ó gún o!"