Àgùntàn Taieb Lá Àpò Ajílẹ̀

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin Taieb, àbúrò rẹ̀ Khemais dúró létí oko àlìkámà wọn nítòsí ìlú Kef. Ibi tí Taieb da ìgbẹ́ àgùntàn sí ti wá dúdú lẹ́wé. Ibi tí kò sí ìgbẹ́, tó jẹ́ ajílẹ̀ funfun tí Mongi tà fún wọn nìkan ló jẹ, ti gbẹ bíi pòròpórò.

Taieb ló ní kí wọ́n lo méjèèjì pọ̀: ìgbẹ́ sínú ilẹ̀ ṣáájú òtútù, ajílẹ̀ funfun lẹ́yìn òjò. Ìgbẹ́ kò ká ju ìdajì oko lọ. Lóṣù kejì lẹ́yìn gbígbìn, ewé ìdajì yẹn ló kọ́kọ́ pọ́n bí èyí tó fẹ́ kú. Mongi tó ta ajílẹ̀ wá wò ó, ó ní ìgbẹ́ ti jẹ agbára ọjà òun. Khemais gbà á gbọ́. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun má fẹsẹ̀ tẹ oko náà mọ́. Taieb kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn obìnrin ní Béja, ibẹ̀ ló kú sí.

Mabrouka, ìyàwó Khemais, ló pè é wá sílé àgùntàn. Àgùntàn tí Taieb fi sílẹ̀ ń lá àpò òfìfo Mongi, kò gbójú sókè.

"Bàbá Saliha, kí ni àgùntàn máa ń lá báyìí?"

Khemais gbé àpò ajílẹ̀ kan tó ṣẹ́kù, ó gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ.

Ọjà Ọjọ́bọ ni òun àti ọlọ́pàá ti bá Mongi. Bó ṣe rí wọn, ó bẹ́ sínú ọkọ̀, ó gba àárín igi ólífì sá. Ẹrẹ̀ gbé táyà rẹ̀ mì. Wọ́n wọ́ ọ padà.

"Kí ló wà nínú àpò?" Ọlọ́pàá ló bi í.

"Ajílẹ̀ ni, ọ̀gá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe rán ẹnu rẹ̀."

"Mi ò bi ọ́ ní ìránṣọ."

Ọlọ́pàá bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò Khemais, ó dà á sórí agbada gbígbóná tí ìyá oníbúrẹ́dì kan fi ń yan búrẹ́dì. Ajílẹ̀ gidi a máa yọ́, èéfín rẹ̀ a sì máa ta ojú. Èyí ń ta pàrà pàrà, ó ń fò.

"Ta ló ní kí ẹ bá mi fi iyọ̀ sí agbada?" ni ìyá náà wí.

Mongi jẹ́wọ́. Ó ń ha iyọ̀ létí adágún gbígbẹ, ó ń fi ajílẹ̀ díẹ̀ lù ú, ó ń tún ẹnu àpò rán.

"Ìgbẹ́ ńkọ́?" Khemais bi í. "Èyí tó o ní ó jẹ agbára ọjà rẹ?"

Mongi wolẹ̀. "Mo gbọ́dọ̀ rí nǹkan sọ ni."

Wọ́n mú un lọ. Àwọn tó ti ra ajílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mí kanlẹ̀, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Khemais dá rìn lọ sílé.

Nígbà tí òtútù tún ń bọ̀, ó da ìgbẹ́ sí gbogbo oko, òun nìkan. Ó ṣe tán, ó wẹ̀yìn kó lè bi Taieb bóyá ó ti tó.