Ọ̀nà Ilé Àbíkẹ́ Gba Orí Omi

Ọkọ́ ló ṣá mi lẹ́sẹ̀ tí mo fi mọ Àbíkẹ́. Ebè ni mo ń kọ lọ́wọ́. Mo fi àkísà di ẹsẹ̀ náà, mo rìn dé ilé ìwòsàn tó wà ní Àgọ́-Àrẹ. Òun ni nọ́ọ̀sì tí mo bá níbẹ̀.

Ó ń rán ojú ọgbẹ́ náà. "Ẹ ò tilẹ̀ ké, bàbá."

"Ṣé kí n ké ni?"

"Àwọn ọ̀dọ́ máa ń ké."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ìyàwó mi, ìyá Waheedat, sì ti kú tipẹ́. Ẹ̀rín náà bá mi délé.

Ẹsẹ̀ san, mo ṣì ń lọ. Mo ń mú iṣu dání fún un. Opó ni òun náà. Ó ku oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì. Ó ní erékùṣù kékeré kan lórí ọ̀sà, lápá Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n ti bí òun, ibẹ̀ ni òun yóò padà sí bí kò bá sí ohun tó dá òun dúró.

"Kí ló lè dá ọ dúró?" mo bi í.

"Ẹni tó bá béèrè."

Mo béèrè. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́.

Ó gbà. Ó ku kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Ọlágòkè, tó dúró bíi bàbá fún un, fọwọ́ sí i. Arúgbó ni, kì í kúrò ní erékùṣù mọ́. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn débẹ̀.

N kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Odò Ọ̀fìkì gbé ọ̀rẹ́ mi lọ lójú mi nígbà tí a wà lọ́mọdé. N kò sọ fún Àbíkẹ́.

Àbúrò mi, Ládòkun, wá, a jókòó sábẹ́ igi igbá, a ṣètò ìrìn àjò náà. Ogójì iṣu, oyin kẹ́ẹ̀gì kan, obì. Àgbà ẹbí mẹ́ta.

"Ìwọ, Samsudeen àti Tàjúdéènì," mo ní.

"Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Ọkọ ìyàwó kì í bá wọn lọ tọrọ. Ẹbí ló ń lọ."

Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é nílé wa. Ládòkun wò mí títí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ mo ro ètò náà fún Àbíkẹ́.

"Mi ò gbọ́ orúkọ tiyín," ó ní.

"Àṣà ni."

"Ìgbà tí a wà lọ́mọge ni wọ́n ń tọrọ wa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ fojú rí ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi." Ó wo ojú mi. "Baba Waheedat, ṣé àṣà ni àbí omi?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi. "Omi ni."

"Ẹ̀rù omi ò burú. Pé ẹ fi àṣà bò ó fún mi ló dùn mí. Lọ́jọ́ tí mo rán yín lẹ́sẹ̀, ẹ fi ìrora pamọ́ fún mi. Mo rò pé ìyẹn ti tó." Ó dìde. "Bó bá jẹ́ àwọn àgbà nìkan ló ń lọ, màá bá wọn lọ. Mi ò sì ní padà."

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo wọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn, mo sì gba ibẹ̀ dé adágún omi Ìkẹ̀rẹ̀. Mo bẹ apẹja kan kó gbé mi sínú ọkọ̀ rẹ̀.

"Níbo lẹ ń lọ, bàbá?"

"Mi ò lọ síbì kankan. Mo fẹ́ jókòó ni."

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ó sì tukọ̀. Mo bì. Mo tún lọ lọ́jọ́ kejì, mo tún bì. Lọ́jọ́ kẹta n kò bì mọ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó bọ́ ẹ̀wù pupa kan fún mi, irú èyí tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì.

"Ẹ máa mú un lọ. Ẹ nílò rẹ̀ jù mí lọ."

Mo ní kí Tàjúdéènì dúró sílé. Àyè rẹ̀ ni mo gbà.

Láàárọ̀ Sátidé, mọ́tò dúró níwájú ilé mi pẹ̀lú iṣu lẹ́yìn. Àbíkẹ́ dé. Báàgì ńlá ló gbé, báàgì ẹni tí kò ní padà. Ó bá mi ní ìjókòó iwájú. Mo ti wọ ẹ̀wù pupa náà lé agbádá.

"Láti ìgbà tí a ti kírun tán ni ẹ̀gbọ́n ti wọ̀ ọ́," Ládòkun ní. "A sọ ọ́ títí, wọn ò bọ́ ọ."

Àbíkẹ́ wò mí. "Baba Waheedat, omi ṣì jìnnà sí ibí."

"Mo mọ̀. Láti ibí ni ẹ̀rù ti ń bà mí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó tú okùn ẹ̀wù náà tí mo dì lódì, ó sì tún un dì jẹ́jẹ́, bó ṣe di ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ kìíní.

Lẹ́yìn náà ó gbé báàgì ńlá náà wọ inú ilé mi. Nígbà tó jáde, ìborùn rẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ó ní.