Eyín Dùùrù Tí Kò Dún

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó báyìí jàre!" ni mo kígbe, mo sì ki orí bọ abẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó síwájú dùùrù rẹ̀, ó ń tẹ orin kan ṣoṣo tó ti ń tẹ̀ láti ìgbà tí ilé ìwé ti wọlé. Bàbá wa, alágbàfọ̀, wà ní yàrá iwájú, wọ́n ń lọ aṣọ àwọn oníbàárà.

"Ṣé o ò ní fi ọmọ yẹn sílẹ̀?" ni wọ́n pariwo sí mi. "Orin yẹn ni mo fi ń lọ aṣọ!"

Ó ti pẹ́ o, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rántí òórùn aṣọ gbígbóná yẹn. Ayé wa dùn nígbà náà, a ò kàn mọ̀ ni.

Oníbàárà kan tó ń kó kúrò ládùúgbò ló fún wa ní dùùrù náà. Ó ti gbó, eyín rẹ̀ kan kò sì dún mọ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ dalẹ́, kò ní fọhùn. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kí ìyẹn dí òun lọ́wọ́. Bí ìka rẹ̀ bá ti dé orí eyín yẹn, á fi ẹnu kọ ohùn tó sọnù náà, "Láà!", á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ bàbá wa ò rí yẹ̀yẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá wá gba ṣòkòtò lásán, wọ́n á ní kó jókòó kó gbọ́ orin náà parí.

"Alágbàfọ̀, ọmọ yín máa di yín létí o!"

"Ẹ jẹ́ kó di mí létí. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà."

Nígbà tó yá, olùkọ́ orin ilé ẹ̀kọ́ wa kéde pé òun fẹ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tí òun yóò máa kọ́ ní dùùrù lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ yóò wá tẹ orin kan nínú gbọ̀ngàn, lójú àwọn òbí. N kò rí ohun tó wu ẹ̀gbọ́n mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Kódà, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí a ń pè ní Ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ fà wá lọ síbi dùùrù ilé ẹ̀kọ́, tó jẹ́ tuntun. Ó tẹ bọ́tìnnì kékeré kan, orin sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fúnra rẹ̀. Orin tí wọ́n ti gbà sínú rẹ̀ ni, orin ẹ̀gbọ́n mi gan-an!

"Ṣáà gbé ọwọ́ lé e, kó o máa mi orí," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Ta ló máa mọ̀?"

Èmi náà ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo bọ́tìnnì náà títí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó wù ú.

"Bàbá mi máa mọ̀," ló wí níkẹyìn.

"Báwo? Ṣé onídùùrù ni wọ́n ni?"

"Wọ́n mọ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́."

Nígbà tó kàn án, ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ń lọ geere títí ó fi dé orí eyín yẹn. Ti ilé ẹ̀kọ́ dún kedere, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Òun náà ké, "Láà!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀, orin ò sì tíì parí. Ibẹ̀ náà ṣì ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kó tó débẹ̀, bàbá wa dìde dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Bí ọmọ wọn ṣe la ẹnu ni àwọn náà la tiwọn: "Láà!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, olùkọ́ sún mọ́ ọn. "Kí ló dé tó o fi ń kọrin sí i?"

"Ẹ má bínú, mà. Eyín yẹn ò dún nínú tilé wa. Ẹnu ni mo fi ń dí i."

"Dùùrù bẹ́ẹ̀ lo fi kọ́ ọ tó fi dùn báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Olùkọ́ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Bí a bá jáde kíláàsì lọ́la, wá bá mi. A ó bẹ̀rẹ̀."

Títí a fi délé, bàbá wa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Inú wọn dùn ju ohun tí ẹnu lè sọ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pè: "Alágbàfọ̀! Alágbàfọ̀!" Bàbá wa ò gbé orí sókè.

"Ṣé kò sí nǹkan? Ẹ̀yin ni mò ń pè."

"Èmi kọ́," ni wọ́n dáhùn. "Bàbá Onídùùrù ni mò ń jẹ́."

Orúkọ yẹn ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n títí wọ́n fi dákẹ́. Bọ́tìnnì ì bá gba àtẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò lè fún bàbá wa lórúkọ. Ohun tí a bá fi ọwọ́ ara wa ṣe, bó tilẹ̀ lábùkù, òun nìkan ni iyì rẹ̀ ń bá ni kalẹ́.