Owó Orí Eyínfúnjowó

Bí èèyàn bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Màmá Aránṣọ láàárọ̀, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ló máa kọ́kọ́ gbọ́, kó tó gbọ́ ẹnu Màmá fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ á máa sáré, ẹnu á máa lé e. Ó ń rán aṣọ, ó ń gbàdúrà, ó ń bá okùn tó já sọ̀rọ̀ burúkú, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tó ń lù ú, tó fa ọmọ lọ́wọ́ wá bá a, Màmá ti rẹ ohùn sílẹ̀. Nítorí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Eyínfúnjowó ni Màmá ń pe ọmọbìnrin kékeré náà, torí pé bó bá rẹ́rìn-ín, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á mọ́lẹ̀. Ẹ̀rín ọ̀hún ti wá di ọ̀wọ́n. Kí oníbàárà kan ṣáà ti gbóhùn sókè pé, "Màmá, ṣòkòtò mi dà?", ọmọ á ti rá wọ abẹ́ tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, á fọwọ́ di etí méjèèjì. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn.

Màmá á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, á máa kì í:

"Eyínfúnjowó, ọmọ mi,
Arẹ́rìn-ín-kí-àlejò-gbàgbé-ohun-tó-bá-wá,
Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá tí ẹ̀yìn kò wúwo,
Jáde wá, ìyá àgbà rẹ ni mí, èmi kì í ṣe ìjì."

Nígbà míì ọmọ á jáde. Nígbà míì kò ní jáde.

"Á gbàgbé," ni Màmá máa ń sọ. "Ṣebí ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń nà. Ta ló fọwọ́ kan òun?"

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ náà yà wá gba buláòsì rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"O káàbọ̀, Tíṣà wa. Ṣé aṣọ tún ti fún ọ ni? Rọra máa jẹun o."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ gé e kéré!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tíṣà sún mọ́ ẹ̀rọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, bí ilẹ̀kùn kíláàsì bá dún gbàgà, ara ọmọ yìí á máa gbọ̀n rìrì. Ilé kan wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn ọmọ tí ìjà ilé ti kó jìnnìjìnnì bá ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Wọ́n á bá wọn ṣeré, wọ́n á bá wọn yàwòrán, títí ohun tó dì sínú á fi tú."

"Èló ni wọ́n ń gbà?"

"Wọn kì í gba nǹkan kan, mà. Owó orí ni ìjọba fi ń ṣe é."

Ẹ̀rọ dúró gbì.

"Owó kí ni?"

"Owó orí, mà."

Màmá yọ dígí ojú rẹ̀. "Owó orí! Lórí ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ kò tíì hù tán? Ta ni ìjọba fẹ́ ẹ fún? Tíṣà, mo gba owó orí ìyá rẹ̀, ojú gbogbo wa ló rí ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá san owó orí, á ní òun ló lọmọ. Wọ́n á gbé e lọ! Jáde, kí n tó fi tépù yìí wọn ẹ̀yìn rẹ!"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń lọ aṣọ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn nínú ilé náà.

"Màmá, owó orí tí ẹ̀ ń san fún ìjọba lórí ṣọ́ọ̀bù yìí ni Tíṣà ń wí. Kì í ṣe ti ìyàwó!"

"Òun ni, mà," ni Tíṣà wí. "Tiyín, tèmi, ti gbogbo wa. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ti àwọn ọmọ yìí."

"Èyí tí mo máa ń ṣépè lé lórí?"

"Òun náà ni, mà."

"Ọlọ́run, foríjì mí. Mo ti ká èpè kúrò lórí èyí tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Ìyókù ṣì dúró." Màmá dá dígí padà sójú. "Wọn kò wá ní gbà á lọ́wọ́ wa?"

"Ọmọ tí ìyá àti ìyá àgbà dúró tì báyìí? Ẹ̀yin lẹ máa mú un lọ, ẹ̀yin lẹ máa mú un bọ̀. Màmá, ẹ̀yìn ìyá ni ẹgba bà, ọkàn ọmọ ló bó. Ọgbẹ́ ni, bí a kò tiẹ̀ rí i."

Wọ́n mú ọmọ lọ sí ilé náà. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò wọ aṣọ funfun, kò sì fajú ro. Nígbà tí ọmọ rá wọ abẹ́ tábìlì, kò fà á jáde. Ó mú bébà àti kíréyọ́nù, òun náà sì rá wọlé tọ̀ ọ́. Màmá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oríkì, ọmọ rẹ̀ obìnrin di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Wọ́n lọ léraléra kí ọmọ tó sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pe ìyá òun wọlé.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Èmi ni mo da omi sórí fóònù dádì. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n nà yín."

Gbogbo bó ti ń dákẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń dá rù.

Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé e lé ẹsẹ̀. "Gbọ́, ọkọ mi. Omi kì í na èèyàn. Ẹni tó gbọ́wọ́ sókè ló ni ẹ̀bi. Kì í ṣe ìwọ. Kì í ṣe èmi náà."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Lẹ́nu ọ̀nà, Màmá Aránṣọ kò rí oríkì kankan kì. Ó kàn ń nu ojú.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ọmọ tó ń gbọ́ ìjà ń fara gbá nínú rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Bí ọmọ bá dákẹ́ lójijì, tó ń sá pamọ́, tó tún ń tọ̀ sílé, ẹ má nà án, ẹ má sì pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ béèrè ní iléèwé, ní ilé ìwòsàn tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹbí, bóyá irú ìtọ́jú yìí wà nítòsí yín. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú tàbí ìbẹ̀rù dá yín dúró. Bí ewu bá wà nílé, ẹ kọ́kọ́ gbé ara yín àti ọmọ lọ síbi tí ọwọ́ ẹni tó ń nà yín kò ti ní tó yín.

Bí kò bá sì sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ bi àwọn tí ẹ dìbò yàn léèrè ibi tí ìpín àwọn ọmọ wà nínú owó orí wa. Ẹ bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún bi wọ́n. Ọmọ kò lè lọ bi wọ́n fúnra rẹ̀.