Àǹjọ̀nú Tí Wọ́n Pè Ní Àjẹ́

“Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì ń tàn nílé mi, àjẹ́ wo ló tó bẹ́ẹ̀?” Alàgbà Theophilus ló fọ́nnu bẹ́ẹ̀ fún gbogbo àdúgbò ní Ayépé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó sì fọwọ́ sọ̀yà. Láti ìgbà tí adìẹ ti ń ṣàdédé kú nílé rẹ̀ ni kò ti jẹ́ kí òkùnkùn sùn níbẹ̀ mọ́. Bí iná ìjọba bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nítorí àwọn olè, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí, wọn a sì ti ilẹ̀kùn gbọin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ilé jí, Alàgbà kò jí. Kò ṣàìsàn, kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, gílóòbù sì ń tàn kedere lórí òkú.

Wọn ò tíì sin ín tán tí ọ̀rọ̀ fi já lé Mọ́ṣádé lórí, ayálégbé tó wà ní yàrá ìkẹyìn. Àràárọ̀ làwọn ọmọ ilé ń jí pẹ̀lú orí fífọ́ àti èébì. Ìyá Rose, ìyàwó olóògbé, kì í lè nàró kí oòrùn tó gòkè. Mọ́ṣádé nìkan ló ń jí bí ẹni tó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, tí á máa kọrin, tí á máa béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi jẹ̀kọ.

“Kí ló dé tí ohun tó ń ṣe gbogbo wa kì í ṣe ìwọ?” George, àbúrò olóògbé, ló dá a dúró lágbàlá.

“Bọ̀ọ̀dá George, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ara èèyàn le?”

“Àjẹ́ ni ọ́. Wòlíì Frederick ń bọ̀ láti Ibefun lọ́la. Bó bá ti tọ́ka sí ọ, a ó lé ọ jáde ní ìlú yìí, a ó sì dáná sun ẹrù ẹ.”

“Kí wọ́n máa bọ̀. Mi ò rìnrìn àjò.”

Lílé kọ́ ló ń dun Mọ́ṣádé jù. Àǹjọ̀nú pọ́ńbélé ni. Láti ọ̀run àpáàdì ni wọ́n ti rán an pé kó wá tú ilé Theophilus ká. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó dé ni Ìyá Rose bu ìkọ́kọrẹ́ fún un, àwọn ọmọ ní kó bá àwọn dirun, ló bá sún iṣẹ́ sí ọ̀la. Ọ̀la yẹn ti di ọdún kan, ilé náà sì ti di ilé rẹ̀. Òun tó ti da odidi ìlú rú rí, òun ni wọ́n wá ń ka adìẹ sí lọ́rùn.

Ẹni kan ṣoṣo ló mọ irú ẹni tó jẹ́: Ernest, tí yàrá wọn kọjú síra. Ojú ayé mọ̀ ọ́n sí oníkẹ̀kẹ́ márúwá tó ń ná Ìjẹ̀bú-Òde. Áńgẹ́lì ni. Wọ́n rán an pé kó lé Mọ́ṣádé. Kì í purọ́, kì í gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, àtìgbà tó sì ti gbé ara èèyàn wọ̀ ni òun náà ti ń bì bíi ti gbogbo ilé.

“Máa lọ kí wọ́n tó sun ẹrù ẹ,” ó sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà.

“Mi ò ṣe é.”

“Mo mọ̀ pé o ò ṣe é. Mo ti ń ṣọ́ ọ tipẹ́. Irun lo ń dì.”

“Ọ̀run rán ọ níṣẹ́, obìnrin tó ń dirun lo jókòó tì.”

“Iṣẹ́ mi ni.”

“Ẹran tó o máa ń bù sínú ọbẹ̀ mi ńkọ́? Iṣẹ́ náà ni?”

Ernest kò lè purọ́. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà iná lọ, George sì fa okùn jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó ṣe, ọ̀rọ̀ tó kù nínú Mọ́ṣádé kò jẹ́ kó gbádùn, ló bá lọ kan ilẹ̀kùn Ernest. Kò gbọ́ nǹkan. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé, ó bá a nílẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí. Bí ọkùnrin yìí bá kú, kò sẹ́ni tó máa lé e mọ́ láyé. Mọ́ṣádé gbá a mú lábíyá, ó wọ́ ọ já sí àgbàlá.

“Ernest, mí. Bó o bá kú, ta ni kí n máa bá jà?”

Atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó wúkọ́, ó lajú. Mọ́ṣádé sáré padà lọ pa ariwo ẹ̀rọ náà kó lè máa gbọ́ èémí rẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ síbi tí èéfín ti ń jáde, ó gbọ́ òórùn kan tó mọ̀. Òórùn pálọ̀ bàbá rẹ̀ ní ọ̀run àpáàdì ni. Látìgbà tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ mọ́jú ló ti ń sùn nínú rẹ̀ bí ọmọ tó wà nílé. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé ohun tó tù ú lára ló ń pa àwọn èèyàn.

Ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. George jáde pẹ̀lú igi. “Ẹ wá o, àjẹ́ ti paná.”

“Èéfín ẹ̀rọ yìí ló pa ẹ̀gbọ́n yín.”

“Jẹnẹrétọ̀ tí à ń fi lé àjẹ́ ni wàá pè ní àjẹ́?”

Nígbà tó di àárọ̀, àgbàlá kún. Wòlíì Frederick mi agogo. “Ẹyẹ funfun ńlá kan ń bà lé òrùlé yìí nírọ̀lẹ́. Ojú ti rí i. Ta ló ni ẹyẹ?”

“Mọ́ṣádé ni,” ni George wí. Àwọn kan ti ń kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Ernest dìde. “Èmi ni. Ẹ̀yìn ló máa ń ro mí, mo máa ń lọ nà án.” Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ìyẹ́ apá méjì tú jáde, wọ́n gbá fìlà Wòlíì lọ sórí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

“Ernest, o ti fara hàn, wọn ò ní jẹ́ kó o padà sọ́run mọ́,” ni Mọ́ṣádé wí.

“Mo mọ̀.”

“Àjẹ́ ọkùnrin ni,” ni Wòlíì wí, igi sì gbéra. Mọ́ṣádé bọ́ síwájú Ernest. Ìwo méjì gún gèlè rẹ̀ lu.

“Èmi lẹ máa kọ́kọ́ bá jà. Àǹjọ̀nú ni mí, ẹ má fi àjẹ́ wọ́ mi nílẹ̀. Wòlíì, ẹ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ yín, kí n tan ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ èmi ni mo pa Alàgbà, ẹ ó jáde láyọ̀.”

Ojú ti pọ̀ jù fún Wòlíì láti kọ̀. Ó fi orin wọlé. Orin di ikọ́, ikọ́ di ilẹ̀kùn kíkàn. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ó rákò jáde, ó bì sí bàtà ara rẹ̀. “Ẹ gbé ẹ̀rọ náà síta,” ló lè sọ.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. George wo ọwọ́ tó fi ń fa okùn ẹ̀rọ náà lálaalẹ́, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ernest di ọwọ́ Mọ́ṣádé mú. “Ọ̀run ò ní gbà mí mọ́.”

“Tiwa náà ò ní gbà mí. Ká jọ wà ní Ayépé. Kí wọ́n wá lé wa.”

Ernest dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá Rose tòun tìyẹ́. “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ̀yin nìkan ni òbí tí a ní níhìn-ín. Mo fẹ́ fi Mọ́ṣádé ṣaya. Ọ̀run ni mo ti wá.”

Ìyá Rose wo ìyẹ́, ó wo ìwo, ó wo Wòlíì tó ṣì ń bì.

“Theophilus náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ wá fẹ́ mi.”