Ọkọ̀ Tó Ń Kú Láàárín Eré

Gbàù!

Àjà ṣọ́ọ̀bù Whitlock ya lulẹ̀, eruku funfun bo gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ lórí.

"Gbogbo yín, ẹ dojú bolẹ̀! Ẹni tó bá mira, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ pe ikú!"

Rollo Garside ló ń sọ̀rọ̀, ọ̀gá ọlọ́ṣà, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin bojú, tó gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì dání. Kev, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ń fi òòlù fọ́ dígí. Gbòlà! Gbòlà! Òrùka ìgbéyàwó, ẹ̀gbà ọrùn, aago wúrà, gbogbo rẹ̀ ń rọ́ sínú báàgì.

Ẹ má rò pé òru ni o. Ìrọ̀lẹ́ ni, ní Marlbeck, láàárín àwọn ará Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ rí mọ̀ pé oòrùn wọn kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lásìkò náà. Ilẹ̀ ti ṣú biribiri.

Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi sá lọ dojú kọ ẹnu ilẹ̀kùn. Iná iwájú rẹ̀ funfun báláú, ó tàn wọnú ṣọ́ọ̀bù débi pé èèyàn ò lè lajú.

Lórí ilẹ̀ níbi tó sùn sí, Ọ̀gbẹ́ni Whitlock tó ni ṣọ́ọ̀bù nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ kó. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún ẹni tó wà níta kó rẹ iná yẹn sílẹ̀. Ó ń ta mí lójú."

"Pa ẹnu ẹ mọ́!"

"Òótọ́ ló ń sọ," ni ìyá àgbà kan tó dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wí. "Látìgbà tí wọ́n ti kó iná funfun wọ̀nyí dé, mi ò wakọ̀ lálẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá ti tàn án sí mi, mi ò mọ títì, mi ò mọ kòtò."

"Àwọn ọkọ̀ gíga yẹn ló burú jù, màmá," ni Kev dá a lóhùn, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ojú èèyàn gan-an ni iná wọn ń bá dọ́gba."

"Kev!"

"Ṣé mo parọ́ ni, ọ̀gá? Ẹ̀yin náà sọ ọ́ lánàá."

Rollo rò ó wò. Lóòótọ́, ó sọ ọ́ lánàá.

"Ìjọba ló yẹ kó dá sí i," ló wí. Ó wá rántí pé iṣẹ́ ló bá wá. Gbàù! Ó yin ọta kejì sájà, òun àti Kev sì bẹ́ jáde.

Desmond Thwaite ló wà nídìí sítíárìn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò tólẹ̀ lọ́dọ̀ Rollo. Àbúrò Rollo ló fẹ́, ìyàwó náà ti kú. Ìwà Rollo ti gbé e dé ẹ̀wọ̀n rí fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ó sì sọ fún Bethany, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, pé orí òkun lòun wà, níbi tí wọ́n ti ń wa epo.

Bethany yìí ló fẹ́ ṣègbéyàwó ní Sátidé. Desmond ló máa mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Rollo ló wá bá a. "Wá wa ọkọ̀ fún wa lẹ́ẹ̀kan péré. Bó o bá kọ̀, màá dìde níwájú gbogbo àlejò lọ́jọ́ ìgbéyàwó, màá sọ ibi tí bàbá ìyàwó ti lo ọdún mẹ́ta."

Ìbẹ̀rù mú Desmond, ó gbà. Bí ọlọ́pàá bá mú un lónìí, kò sí Sátidé mọ́ nìyẹn, ọmọ rẹ̀ á sì mọ irú ẹni tí bàbá òun jẹ́.

"Gbéra!"

Vùùùù!

Ọkọ̀ tuntun ni, Rollo ló jí i, ó ní ọkọ̀ ọlọ́ṣà gbọ́dọ̀ dẹ́rù bani. Ó fò jáde láti iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó dé ìkòríta, ó dúró wámú.

Ẹ́ńjìnnì kú. Kẹ́ṣẹ́.

"Kí ló dé tó o dúró?"

"Iná pupa ni, Rollo."

"Ọlọ́ṣà ni wá!"

"Kámẹ́rà wà níbẹ̀."

Rollo fi ìdí ìbọn kan iwájú ọkọ̀. "Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?"

"Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí mo bá ti dúró, á pa ara rẹ̀ kó má bàa jó epo lásán. Bí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, á jí."

"Ó dáa fún epo o," ni Kev wí látẹ̀yìn.

"Epo wo? Á ba bátìrì jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, owó bátìrì á sì ju owó epo lọ. Pa nǹkan yẹn!"

Bọ́tìnnì kan wà fún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n Desmond gbàgbé ìgò ojú rẹ̀ sílé. Ó fọwọ́ tá a wá nínú òkùnkùn, ó tẹ ọ̀kan.

"Yéè, ìdí mi ń gbóná," ni Kev wí. Bọ́tìnnì tó ń mú ìjókòó gbóná ni Desmond tẹ̀. Kev fẹ̀yìn tì. "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń tù mí lára."

Wíhùn-wíhùn-wíhùn! Ọlọ́pàá ti yọ lẹ́yìn wọn. Sájẹ́ńtì Pauline Ackroyd ni, obìnrin tí kì í bá ọlọ́ṣà ṣeré, tó sì mọ gbogbo kọ̀rọ̀ àgbègbè náà.

Iná di aláwọ̀ ewé. Vùùù! Wọ́n já sọ́nà oko.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín, torí èmi náà ń wakọ̀ níbẹ̀, ojú mi sì ti rí nǹkan. Lọ́dọ̀ wọn, bí awakọ̀ bá ṣẹ́ iná iwájú sí ọ fìrí, ohun tó ń sọ ni pé, "Ìwọ máa kọ́kọ́ kọjá, mo dúró dè ọ́." Wàá kọjá, wàá gbọ́wọ́ sókè, o ti dúpẹ́ nìyẹn. Bí o kò bá gbọ́wọ́, wọ́n á sọ ọ́ délé.

Ọ̀nà oko náà sì kún fún kòtò. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ Rollo bá fò nínú kòtò, iná rẹ̀ á lọ sókè, á wá sílẹ̀. Fìrí! Fìrí! Lójú ẹni tó ń bọ̀ níwájú, ọmọlúàbí kan ló ń yọ̀ǹda ọ̀nà.

Ọkọ̀ búrẹ́dì kan rí i níbi tó ti fẹ́ yà, ó bọ́ síwájú wọn gbọnrangandan. Awakọ̀ gbọ́wọ́ sókè. Desmond tẹ bíréèkì, ẹ́ńjìnnì kú, òun náà gbọ́wọ́ sókè.

"Kí ló ń dúpẹ́ fún?" ni Rollo bi í.

"Ó rò pé a fún un láyè ni."

"Ìwọ ńkọ́, kí lò ń dá a lóhùn fún?"

"Ó ti kí mi, Rollo."

Kòtò míràn. Fìrí! Àgbẹ̀ kan gun katakata jáde látinú oko, ó rọra ń lọ níwájú wọn, ó ń juwọ́. Ẹ́ńjìnnì kú, ó jí, ó tún kú. Nígbà tí àgbẹ̀ náà yà kúrò, Rollo ti sọ ohun tí mi ò lè tún sọ síbí.

Bí wọ́n ṣe yọ sí abúlé kan, ọkùnrin kan ló dúró létí ọ̀nà, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì òfeefèé tó ń dán, ó na nǹkan dúdú kan sí wọn.

"Ìbọn!" ni Rollo pariwo. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀!"

Desmond náà bẹ̀rẹ̀, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Kẹ́ṣẹ́.

Kì í ṣe ìbọn. Ọ̀gbẹ́ni Lumb ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa fi ẹ̀rọ wọn eré ọkọ̀ tó bá ń gba abúlé kọjá. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un. Ó kan fèrèsé.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Eré yín ò pọ̀ jù, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n iná yín ga jù, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀." Ó wá rí ìbọ̀sẹ̀ lójú Rollo, ó rí ìbọn lórí itan rẹ̀. Kò bojú jẹ́. "Ó dàárọ̀ o," ló wí, ó sì rọra lọ sẹ́yìn igi kan láti pe ọlọ́pàá.

Sájẹ́ńtì Ackroyd gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí rédíò: wọ́n ti yà sí ọ̀nà Withy. Iná wọn ga jù.

Desmond ló yan ọ̀nà Withy, torí ó mọ̀ ọ́n lámọ̀dunjú. Lópin rẹ̀ ni Bethany ń gbé. Ọ̀nà tóóró ni, igi wà lọ́tùn-ún, igi wà lósì, ọkọ̀ kan péré ló lè gbà.

Wọ́n dé àárín rẹ̀. Iná ńlá kan yọ níwájú, ó dojú kọ wọ́n.

Desmond dúró. Ẹ́ńjìnnì kú. Ọkọ̀ iwájú dúró, tiẹ̀ náà kú. Gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́, iná tibí ń fọ́ àwọn tọ̀hún lójú, kò sẹ́ni tó rí ẹnì kejì.

"Sọ fún un kó padà sẹ́yìn!"

"Àwa ló yẹ ká padà," ni Desmond wí. "Ibi tó fẹ̀ wà lẹ́yìn wa. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló ń padà."

"Ọlọ́pàá ló wà lẹ́yìn wa! Kọlù ú, kó o tì í sínú igbó!"

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ iwájú ṣí. Ohùn obìnrin kan dún látinú ìmọ́lẹ̀.

"Ẹ rẹ iná yín sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́! Ṣé ẹ fẹ́ fọ́ èèyàn lójú ni?"

Desmond mọ ohùn yẹn.

Obìnrin náà rìn bọ̀, ó fọwọ́ bojú, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Dádì?" Bethany wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọ́ńkù Rollo, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Imú yín ò fara sin."

Ẹsẹ̀ Desmond ṣì wà lórí bíréèkì. Bó bá gbé e báyìí, ẹ́ńjìnnì á jí, ọkọ̀ á sì fò síwájú.

"Gbẹ́sẹ̀!" ni Rollo wí. "Ọmọ yìí á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbẹ́sẹ̀, tàbí kí n sọ fún un."

"Ọ̀gá, ọmọ àbúrò yín ni," ni Kev wí.

"Ó dáa, kó gbọ́! Bethany, bàbá ẹ ò débi òkun kankan. Ẹ̀wọ̀n ló wà. Ọdún mẹ́ta!"

Àṣírí yìí ni gbogbo oògùn tí Rollo ní lápò, ó sì dúró kó ṣiṣẹ́.

"Mo mọ̀," ni Bethany wí.

"O mọ̀?"

"Mọ́mì sọ fún mi kí wọ́n tó kú. Èèyàn á wà lójú òkun lọ́dún mẹ́ta, á padà wálé, ara ẹ̀ á funfun bí ìyẹ̀fun? Ẹ rò pé òmùgọ̀ ni mí?" Ó kọjú sí bàbá rẹ̀, omi lé sí i lójú. "Mo ń dúró kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún mi ni, Dádì."

Ojú ti Desmond, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ sì fúyẹ́, méjèèjì pọ̀. Bọ́tìnnì kan wà tó mọ̀ láìwo ìgò ojú, èyí tó ń pa ọkọ̀ pátápátá. Ó tẹ̀ ẹ́. Iná kú. Ó sọ kọ́kọ́rọ́ látojú fèrèsé sínú igbó.

Rollo na ìbọn sí Desmond. Ó fà á. Kíkì! Ọta méjèèjì ti wà lájà Whitlock. Ó ṣílẹ̀kùn, ó fẹ́ sá, ṣùgbọ́n iná ọkọ̀ Bethany ti fọ́ ọ lójú, ó sáré tààrà sínú kòtò omi létí igbó. Gbàmù!

Sájẹ́ńtì Ackroyd ló fà á jáde. Kev ò tiẹ̀ kúrò lórí ìjókòó. Ó ní ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ẹ́ńjìnnì tó ń pa ara rẹ̀ yìí ti bá wa ṣiṣẹ́ lónìí," ni Sájẹ́ńtì wí. "Ojoojúmọ́ sì ni ọkọ mi ń bú u."

"Rárá, mà," ni Desmond wí. "Bó ṣe kú yẹn, mo ṣì lè lọ. Èmi ni mo pa á."

Sájẹ́ńtì wò ó, ó wo Bethany. "Bó o ṣe sọ ọ́ yẹn náà ni màá sọ ọ́ fún adájọ́."

Ó sì sọ ọ́. Adájọ́ gba onídùúró fún Desmond, ó ní kó máa ti ilé bọ̀ títí ọjọ́ ẹjọ́.

Ní Sátidé, ó mú ọmọ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n jókòó tán nídìí tábìlì, tí wọ́n ní kí bàbá ìyàwó sọ̀rọ̀, ó dìde níwájú gbogbo àlejò.

"Ẹ ti ń rò pé mo ṣiṣẹ́ lórí òkun," ló wí. "Mi ò débẹ̀ rí. Ẹ jókòó dáadáa, kí n sọ ibi tí mo wà fún yín."