Ọkùnrin Tí Ó Ń Tẹrí Lẹ́nu Ọ̀nà Gíga

Ẹni mẹ́fà ló wà nínú yàrá ìjẹun ilé Hohenlauben ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ náà, ní oṣù kẹwàá ọdún 1983. Bàbá wa, Ọmọọba Egbert, tí ìbá jọba bí kì í bá ṣe pé wọ́n gba adé lórí bàbá tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi Adelgund, èmi Irmengard, Ìyáafin Zwick, alásè wa láti ìgbà ogun, Amòfin Pfleiderer pẹ̀lú àpò ìwé rẹ̀, àti ọkùnrin tí ó ní Leuthold ni òun ń jẹ́. Mẹ́fà ni bí mo bá kà wá. Àmọ́ ife kọfí mẹ́rin ni Ìyáafin Zwick gbé kalẹ̀, kò sì ka ara rẹ̀ mọ́ wa. Obìnrin náà kì í ṣi nǹkan kà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni ọkùnrin yìí dé, ní òwúrọ̀ tí oòrùn ràn, ó mú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní ọmọ àbúrò Bàbá lòun, èyí tí ogun gbé lọ sí Rọ́ṣíà tí kò padà. Inú Bàbá dùn kọjá ààlà. Nínú òfin ilé wa, èyí tí àwọn ọkùnrin ìdílé ti ń buwọ́ lù láti ayébáyé, obìnrin kì í jogún. Ìjọba ti pa òfin náà rẹ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n kò kú lọ́kàn Bàbá, kò sì bí ọkùnrin kankan. Ìyẹn ló fi ránṣẹ́ pe amòfin pé kí ó wá sọ Leuthold di ọmọ òun. Ilé, igbó àti ibojì àwọn baba wa, gbogbo rẹ̀ ni yóò di tirẹ̀. Adelgund, tí ó ti fi ọdún méjìdínlógún gun òrùlé ilé náà fúnra rẹ̀ láti tún un ṣe, yóò palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ìrìn ọkùnrin náà kò tẹ́ Adelgund lọ́rùn. Ẹnu ọ̀nà yàrá ìjẹun wa ga débi pé bí ẹnì kan bá gun ẹnì kejì léjìká, wọn á kọjá. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí Leuthold bá dé ibẹ̀ ni ó máa ń tẹrí. Ibì kan sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò sí ohunkóhun níbẹ̀, ilẹ̀ pẹrẹsẹ lásán ni. Yóò yà fún un, yóò fa etí kóòtù rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tí kò fẹ́ kí iná ràn án.

"Ẹ wò ó, ó tún ti yà," ni Ìyáafin Zwick sọ wúyẹ́wúyẹ́ ní ilé ìdáná.

"Kí ló ń yà fún?" ni Adelgund bi í.

"Ọmọọba, ẹ̀yin lẹ kàwé. Ohun témi mọ̀ ni pé bí mo bá bu ọbẹ̀ fún un, ọbẹ̀ á ti tutù kó tó kan àwo."

Adelgund lọ tú àwòrán ilé jáde, èyí tí wọ́n yà kí iná tó jó ilé náà ní 1811. Ẹnu ọ̀nà yẹn kúrú nígbà náà bí ẹnu ọ̀nà ilé ewúrẹ́. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí Leuthold ń yà fún, ààrò irin ńlá kan ló wà níbẹ̀. Ó gbé àwòrán náà lọ bá Bàbá.

"Bàbá, ta ló sọ fún un?"

Bàbá kò wo ìwé náà. "Ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ kì í gbàgbé ilé."

"Èmi náà ní ẹ̀jẹ̀. Tààrà ni mo sì ń gba ibẹ̀ kọjá."

"Ìlara ń bá ọ jà. Lọ fẹ́ ọkọ."

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí, Bàbá. Ta ni kí n fẹ́, òrùlé?"

Bẹ́ẹ̀ ni Ọjọ́bọ̀ fi pé. Amòfin ka ìwé náà tán, ó na kálàmù sí Leuthold. Ọkùnrin náà kọ orúkọ kan ṣoṣo, Leuthold, ó fa ìrù sí abẹ́ rẹ̀, ìrù náà ká lẹ́ẹ̀mẹta bí ejò, ó sì gbé kálàmù sílẹ̀.

Amòfin wúkọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, orúkọ yín lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́. Àwọn tó wà lórí ìtẹ́ ló ń fi orúkọ kan buwọ́ lùwé láyé àtijọ́. Láti 1919, oyè yín ti di orúkọ ìdílé lásán. Ẹ kọ ọ́ tán bíi ti oníbúrẹ́dì."

"Mi ò ní òmíràn," ni Leuthold wí jẹ́jẹ́.

Adelgund ti rí ìrù yẹn rí. Ó dìde, ó gbé ìwé òfin ilé jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ṣí i sí ọdún 1763. Láàárín àwọn tó buwọ́ lù ú, wọ́n ti fi ọ̀bẹ họ orúkọ kan nù, nítorí olórúkọ náà lọ fẹ́ ọmọ ẹni tó ń lọ ọkà ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀bẹ kò kan ìrù rẹ̀. Adelgund gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìrù kan náà ni, ó ká lẹ́ẹ̀mẹta. Yíǹkì kálàmù amòfin, aláwọ̀ búlúù ni. Èyí tí Leuthold kọ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi tíì àná.

Adelgund yíjú sí Bàbá. Ó rò pé yóò pariwo. Ojú Bàbá kò yí padà.

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. "Láti ọjọ́ tó ti wọlé ni mo ti mọ̀."

Adelgund pa ìwé òfin dé. "Ẹ mọ̀ pé òkú ni, ẹ sì fẹ́ gbé ilé lé e lọ́wọ́?"

"Ọkùnrin ni, Adelgund. Tiwa sì ni."

Amòfin ya ìwé rẹ̀ sí méjì. Ó ní òun kò lè jẹ́rìí sí irú èyí. Leuthold kò bínú. Ó dìde, ó forí balẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi bí àlejò ṣe ń ṣe fún onílé.

"Ó dáa," ó ní. "N ó dúró de ẹlòmíràn tó bá ń retí ọmọkùnrin."

Ó jáde sínú oòrùn. A ò rí i mọ́.

Bàbá kú kí Kérésìmesì tó dé, kò sì bá Adelgund sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Òfin ìjọba gbé ilé fún Adelgund. Kò bímọ. Ìyá rẹ nìkan ni èmi bí, ìwọ nìkan ni ìyá rẹ bí.

Ottilie, ọmọ ọmọ mi, mo gbọ́ pé oṣù karùn-ún ni ìwọ yóò bímọ, àti pé ọkọ rẹ ń pariwo káàkiri pé ọkùnrin lòun ń retí. Sọ fún un kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí o bá bí ọmọ náà, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin, mú ìwé òfin ilé, kí o kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ sí ojú ibi tí wọ́n họ yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn.